Àpótí Tí Rùfáì Rà fún Àwọn Ẹyẹ

Tí ẹ bá ní kí Rùfáì jókòó, ìdí rẹ̀ kò ní tíì kan àga dáadáa kó tó tún dìde. Bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó mú, ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní àdúgbò Natako nígboro. Ó ti jáde nínú mẹ́ta. Ìkẹrin tó wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ kan ló fi wọlé, ìkejì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ó fẹ́ máa lọ.

Jímọ́ọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Fóònù ló ń tà, àti ṣájà, àti gbogbo ohun kékeré tó ń kọrin, ó sì máa ń bá àwọn ènìyàn kó orin sínú mẹ́mọ́rì. Ó fa àga kan síwájú.

"Bàbá, ẹ jókòó. Irú èwo lẹ fẹ́?"

Rùfáì la ẹnu. Ohun tó jáde kò ju atẹ́gùn tí ènìyàn fi ń fẹ́ iná lọ. "Èyí tó ń kọrin. Èyí tó ṣeé gbé kiri."

Jímọ́ọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀, òun náà sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Èwo nínú wọn, Bàbá?"

"Ọmọ mi, sọ̀rọ̀ sókè," ni Rùfáì wí. "Èmi ni mi ò lóhùn."

Ẹni tó bá mọ Rùfáì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò ní gbà pé òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé wọn ní ilẹ̀ Oworo, kò sẹ́ni tí ohùn rẹ̀ tó tirẹ̀. Tó bá wà létí odò tó pe ọlọ́kọ̀ ní òdìkejì, ọlọ́kọ̀ á ní kó rọra, òun ò di etí. Ìrẹsì ló ń gbìn, ní àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè, ohùn yìí ló sì fi ń ṣọ́ ọ. Nítorí nígbà tí ìrẹsì bá ń gbó, tí omi funfun inú rẹ̀ bá ń di, ẹ̀gà á dé. Wọn kì í dé ní méjì mẹ́ta. Wọ́n á bo gbogbo oko, wọ́n á sì jẹ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbìn ín. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n nílò láti sọ oko di koríko gbígbẹ. Ariwo ènìyàn nìkan ló ń gbé wọn dìde.

Lẹ́yìn náà ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí Rùfáì lọ́rùn. Kí àwọn dókítà tó gé e, wọ́n ṣàlàyé fún un pé ó lè jí kó má bá ohùn rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé e. Wọ́n gé e. Ó jí, kò bá a.

Láti ìgbà náà, Hàlímàt ọmọ rẹ̀ ni ohùn oko. Hàlímàt ń kàwé ní yunifásítì ní Adankolo, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gà bá ti dé, á wálé, á gun pẹpẹ igi tó wà láàárín oko, á sì máa pariwo títí wọn á fi kórè. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ ẹyẹ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Hàlímàt fi ìdánwò méjì sílẹ̀, ó wálé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn ti ṣe é tán. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí èsì jáde ni Rùfáì tó mọ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọdún yìí ló yẹ kó jáde. Ó ní láti ṣe méjì ti èṣí mọ́ ti ọdún yìí, bí kò bá sì ṣe wọ́n, ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ, á kù sẹ́yìn. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ̀gà ti dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ wo wàhálà náà bó ṣe rí: ìrẹsì yìí náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé. Tí ẹyẹ bá jẹ ẹ́, ilé ìwé parí. Tí Hàlímàt bá sì gbọ́ pé ẹyẹ ti dé, á wálé, ilé ìwé á tún parí náà ni. Kàrímọ́tù, ìyàwó Rùfáì, ń ṣọ́ ọkà bàbà tiwọn ní òdìkejì odò, gbogbo ẹni tó sì lóhùn lábúlé ló ní oko tirẹ̀ tó ń ṣọ́. Rùfáì ti so agolo mọ́ okùn, ó ń fà á títí apá rẹ̀ fi wú. Ó ti yá rédíò aládùúgbò, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, àwọn ẹyẹ fò. Nígbà tó yá, wọ́n bà, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn.

Ìdí tó fi wà ní Natako nìyí, tó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ ṣọ́ọ̀bù tó ń fa ìkejì sẹ́yìn.

Jímọ́ọ̀ kọ́kọ́ gbé èyí tó kéré bí páálí ìṣáná jáde. Kí Rùfáì tó ráyè sọ̀rọ̀, ó ti ti iápíìsì bọ̀ ọ́ létí. Orin bẹ̀rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó dùn. Rùfáì yọ ọ́ kúrò.

"Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ."

"Ohun tó dára nínú rẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Ẹ ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Mo fẹ́ dí wọn lọ́wọ́."

Jímọ́ọ̀ wò ó dáadáa, ó dá èyí padà, ó gbé rédíò pẹlẹbẹ kan tó ń lo mẹ́mọ́rì jáde, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń gbọ́ wáàsí, tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Rùfáì ní kó tàn án, kó yí i dé òpin, kó sì gbé e sórí káńtà. Òun fúnra rẹ̀ jáde. Ó sọdá títì, ó kọjá ẹni tó ń lẹ táyà, ó ń ka ìṣísẹ̀ títí ó fi dé ìdí òpó iná kan, ó yí padà, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí kó lè gbọ́. Ẹni tó ń lẹ táyà gbójú sókè.

"Baba, lafiya?"

Rùfáì ju ọwọ́ sí i pé àlàáfíà ni, ó sáré padà. "Kò dé ọ̀hún," ló wí fún Jímọ́ọ̀.

Ẹ̀kẹta tóbi, iná pupa àti àwọ̀ ewé ń jó lára rẹ̀. Bí Jímọ́ọ̀ ṣe tàn án, obìnrin kan sọ gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ó kàn ń sọ pé ó ti tàn ni, Bàbá."

"Àwọn tó máa bá sọ̀rọ̀ ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì."

Èyí dé ìdí òpó, ó tilẹ̀ kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, bátìrì rẹ̀ kò sì lè ṣe ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá tàn án ní ìdájí, kò ní dé ìrun àílà lọ́sàn-án. Jímọ́ọ̀ ti ń làágùn. Ó gun àpótí, ó nawọ́ sókè, ó gbé ẹ̀kẹrin wálẹ̀: àpótí dúdú kúkúrú kan tó ní ọwọ́ ìfà, rọ́bà bò ó lára, sóólà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gba mẹ́mọ́rì. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára rẹ̀ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Rùfáì tún sọdá títì. Ó dé ìdí òpó, ó gbọ́ ọ. Ó tún rìn tó ìwọ̀n oko rẹ̀ kan sí i, ó ṣì gbọ́ ọ. Nígbà tó padà dé, ó béèrè ìbéèrè tó ti ń dà á láàmú láti àárọ̀.

"Tí orin kan bá tán, èwo ló ń kọ tẹ̀ lé e?"

"Èyí tó tẹ̀ lé e ni."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà, Bàbá. Kì í ṣì í."

Ojú Rùfáì rẹ̀wẹ̀sì. "Wọ́n á ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì."

"Àwọn wo?"

"Ẹ̀gà."

Jímọ́ọ̀ ló wá jókòó sórí àga tí oníbàárà kọ̀ láti jókòó sí. Rùfáì ro ẹjọ́ fún un pátá, ní ìdúró, pẹ̀lú ohùn fẹ́rẹ́ yẹn, ó ń lọ ó ń bọ̀ níwájú káńtà. Jímọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìdánwò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bọ́tìnnì kan wà tó máa ń da orin rú, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tó kàn.

"Ó ku ẹyọ kan," Rùfáì wí. "Ó gbọ́dọ̀ máa dákẹ́. Tó bá ń pariwo láìdákẹ́, wọn ò ní kà á sí. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí ọkàn wọn á fi balẹ̀, kó tó pariwo."

Jímọ́ọ̀ họ orí. "Mo lè ṣe orin tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òmíràn ìṣẹ́jú kan, òmíràn mẹ́ta, òmíràn bíńtín. Ká wá kó wọn mọ́ ariwo, kó máa dà wọ́n rú pọ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún méje ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí o. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n bá òun kó ìdákẹ́jẹ́ sínú mẹ́mọ́rì."

Ó tilẹ̀ yọ̀ǹda ohùn ara rẹ̀. Ó dìde, ó ké "Háà!" sí títì. Ẹni tó ń lẹ táyà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Rùfáì dúpẹ́ lọ́wọ́ Jímọ́ọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohùn ẹni tí kò dé oko rí ni, ẹ̀gà kò sì ní dìde fún un. Ohùn kan ṣoṣo ló mọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù, ó sì wà ní Adankolo.

Ó sanwó àpótí dúdú náà, ó gbé e. Nínú kẹ̀kẹ́, ó ro irọ́ tó máa pa. Á sọ fún Hàlímàt pé ìyá rẹ̀ fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé. Nígbà tó dé ẹnu géètì ilé tí Hàlímàt gba yàrá sí, ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó gbé àpótí sínú láílọ́ọ̀nù, ó sì ṣí ẹnu láílọ́ọ̀nù náà sílẹ̀. Ó rò pé ohun tí òun máa rí kó níbẹ̀, òun á mú un lọ.

Hàlímàt wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé yí i ká. Ó kúnlẹ̀. "Okun o, Bàbá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Mo kàn ní kí n yà wò ọ́ ni."

Ó fún un ní omi, ó fún un ní àga. Rùfáì jókòó, ó dìde, ó lọ wo okùn ìsáṣọ, ó padà, ó jókòó. Hàlímàt ń wò ó.

"Ẹ ti wo òkè lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí ẹ ti dé," ló wí. "Wọ́n ti dé, àbí?"

"Àwọn wo?"

"Bàbá."

"Wọn ò tíì dé."

Hàlímàt dìde, ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju aṣọ sínú báàgì. Rùfáì tẹ̀ lé e, láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ó sọ pé kó jókòó, pé ìwé rẹ̀ ni kó kà, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kó bínú tó, atẹ́gùn ni, kò sì sí bí atẹ́gùn ṣe lè borí ọmọbìnrin tó ti ń lé ẹyẹ fún ọdún mẹ́ta.

"Irọ́ lẹ ń pa fún mi!" Hàlímàt ké. "Màá lọ! Mo ní màá lọ!"

"Jókòó. Ìwé rẹ ni kó o kà."

"Ta ló fẹ́ lé wọn? Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ohùn wo?"

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó di ẹnu mú. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ẹkún sì gbà á. Ó dun Rùfáì. Kò sí bí kò ṣe ní dùn ún. Ó dúró jẹ́ẹ́, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, lẹ́yìn náà ló fà á dìde.

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn," ló wí, ó sì yọ àpótí dúdú náà jáde láti inú láílọ́ọ̀nù.

Nígbà tí Hàlímàt gbọ́ àlàyé tán, ó nu ojú, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di irin etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó sì pariwo bó ṣe ń pariwo lóko: èyí tó gùn, èyí tó kúrú, èyí tó ń lọ sókè, èyí tó dà bí ìgbà tí ejò bá ṣán ènìyàn. Ilẹ̀kùn ṣí káàkiri ilé. Ẹnì kan sáré jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Hàlímàt bẹ̀ wọ́n pé kò sí nǹkan. Ó wá ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé òun ò ní dé oko títí òun á fi kọ ìdánwò ti ìgbẹ̀yìn.

Rùfáì gbé ohùn náà padà fún Jímọ́ọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ń kọrin, Jímọ́ọ̀ kò sì lè gbọ́ nǹkan tó pọ̀. Ojú ló fi ṣiṣẹ́: ibikíbi tó bá ti rí i lórí kọ̀ǹpútà pé ohùn ga sókè, ó gé e sọ́tọ̀. Mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Ó kó wọn mọ́ ìdákẹ́jẹ́, ó ní kí Bàbá dúró káwọn jọ gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Bàbá ti gbé àpótí, ó ti dé ibi tí ọkọ̀ abúlé ń dúró sí.

Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé àpótí sórí pẹpẹ, ó kọjú sóólà sí ìlà oòrùn, ó tàn án. Ẹ̀gà ti bo gbogbo oko. Àpótí dákẹ́. Ó dákẹ́ títí Rùfáì fi rò pé ó ti bàjẹ́, ó sì ti ń gun àkàbà lọ, nígbà tí ohùn Hàlímàt bú jáde. Gbogbo oko gbéra sókè. Rùfáì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ìró kankan nínú ẹ̀rín náà.

Ìdákẹ́jẹ́. Ariwo. Ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, sókè gan-an, kárí àkùrọ̀ títí dé odò: "Ta ló fẹ́ lé wọn? Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ohùn wo?"

Ní òdìkejì odò, Kàrímọ́tù ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa ọ̀pá kan yọ, ó bá ọlọ́kọ̀ sọdá odò, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Hàlímàt! Bàbá rẹ lo la ojú sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ta ló tilẹ̀ ní kó o wálé?" Ó dé ìdí pẹpẹ, ó wo òkè, kò rí ẹnì kan. Àpótí dá a lóhùn: "Irọ́ lẹ ń pa fún mi!"

Nígbà tó gbọ́ pé bọ́tìnnì pupa ti gba ìjà ọjọ́ yẹn mọ́ ariwo oko, ó ní kí Rùfáì gbé e padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìjà mẹ́ta yìí kúrò, kí abúlé má gbọ́.

"Bàbá Hàlímàt, ìtìjú ni."

"Ọjọ́ kan gbáko ni màá fi lọ, tí màá fi bọ̀," Rùfáì wí. "Ẹ̀gà ò ní dúró dè mí. Àti pé, Ìyá Hàlímàt, mẹ́ta yẹn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù jù."

Òótọ́ ni. Ariwo oko, wọ́n á fò, wọ́n á yí ká, wọ́n á bà sí etí kan. Ti ìbínú yẹn, wọ́n á lọ títí dé orí òkè.

Bó ṣe ń rí fún ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn. Rùfáì ń rìn yí oko ká láti àárọ̀ dalẹ́, kànnàkànnà lọ́wọ́, nítorí kò lè jókòó, nítorí kò sì mọ̀ bóyá Hàlímàt dúró ti ìlérí rẹ̀. Tó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lójú ọ̀nà, á dúró, á na ọrùn. Ó bẹ̀rù pé Hàlímàt ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ inú àpótí náà ń ta á lára nígbàkígbà tó bá dún. Lọ́jọ́ kejì, láìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Àpótí á ké pé "Màá lọ! Mo ní màá lọ!" Rùfáì á sì sọ láàárín ìrẹsì, "Jókòó. Ìwé rẹ ni kó o kà." Àpótí á pè é ní onírọ́, Rùfáì á ní, "Mo purọ́ lóòótọ́." Ti ẹ̀kẹta nìkan ni kò rí ohun kan sọ sí. Tí àpótí bá ti béèrè ohùn, Rùfáì á kàn dúró títí á fi tán, á sì tún máa rìn lọ.

Àwọn ẹyẹ jẹ apá tó wà létí odò. Èyí tó kù dúró, ó tẹ orí ba, ó pọ́n.

Lọ́jọ́ kejìlá, oòrùn ti ń rọlẹ̀, dòjé ti wà lọ́wọ́ Rùfáì. Ó dúró láàárín oko, ó ń gbé orí ìrẹsì lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo bó ṣe wúwo. Àpótí ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ké lójijì: "Ta ló fẹ́ lé wọn? Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ohùn wo?"

Rùfáì kò gbé orí sókè. "Pẹ̀lú tìẹ," ló wí.

"Bàbá," ni ohùn náà wí. "Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán."

Ọwọ́ Rùfáì dúró. Mẹ́rìnlá ló wà nínú àpótí, ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí nínú wọn. Ó yí padà. Hàlímàt ló dúró nínú pòrò, bàtà ilé ìwé rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀, ó ru báàgì, ojú rẹ̀ sì kún fún omi nítorí pé ó ti gbọ́ ohun tí àpótí béèrè àti ohun tí bàbá rẹ̀ fi dá a lóhùn. Rùfáì la ẹnu láti kí i káàbọ̀. Ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un náà kò jáde. Hàlímàt sọ báàgì kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó kúnlẹ̀, òun ló sì fi ohùn tirẹ̀ ṣe kíkí àwọn méjèèjì.